Afẹ́fẹ́ Ọjọ́ Kẹrin

Ọjọ́ kẹrin rèé tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ikùn fún ọmọge aránṣọ kan, ìfun rẹ̀ kò tíì jí. Dókítà ti ṣàlàyé fún un: bí wọ́n bá ti fọwọ́ kan ìfun, ńṣe ló máa ń sùn lọ fọnfọn, kò ní ti oúnjẹ síwájú, ìgbẹ́ ò sì ní rọ́nà jáde. Ìsó ni wọ́n fi máa mọ̀ pé ó ti jí. Títí dìgbà náà, kò gbọdọ̀ jẹ, kò gbọdọ̀ mu. Bí kò bá sì só kí dókítà tó yí ká lọ́sàn-án, wọ́n á tún ki rọ́bà bọ̀ ọ́ nímú láti fa omi inú rẹ̀ jáde.

Ní aago mẹ́wàá, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wọlé, lọ́fínńdà rẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ọkàn ọmọge fò fẹ̀rẹ̀. Ẹyinjú yẹn, tó bá ti wo èèyàn, bí ẹni pé ó ń fọwọ́ pani lára ni! Ìgbéyàwó wọn ku oṣù méjì péré.

"Òdòdó mi," ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kò sóbìnrin tí kì í yàgbẹ́. Mo ní àfi tèmi."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dun ojú abẹ. Nǹkan kan sì yí bìrí nínú ikùn rẹ̀, ó dún kùùrù, ó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀.

Ìyá rẹ̀ tó jókòó sí ìdí bẹ́ẹ̀dì gbọ́ ọ. "Jẹ́ kó máa bọ̀, ọmọ mi! Má dí i o!"

"Kí ló ń bọ̀, Màmá?"

"Kò sí nǹkan kan," ni ọmọge sọ, ó fún ìdí pọ̀.

Ó lé ní wákàtí kan tó fi mú un mọ́ra. Òógùn bò ó. Olólùfẹ́ rẹ̀ ń sọ ti ilé tí wọ́n máa gbé, irú kọ́tìnnì tí ọmọge máa rán síbẹ̀.

"Ṣé o ò ní pẹ́ débi iṣẹ́?" ni ọmọge bi í.

"Kí n fi ẹ́ sílẹ̀? Láéláé."

Nọ́ọ̀sì gbé rọ́bà dé nínú abọ́ irin. "Dókítà ti dé bẹ́ẹ̀dì kẹta o. Ìyàwó, ìsó dà?"

Bó ṣe rí rọ́bà yẹn, ìdí rẹ̀ tú. Ó dún, ó gùn, bí ìgbà tí wọ́n fa aṣọ tuntun ya láti òkè délẹ̀. Òórùn ọjọ́ mẹ́rin gba gbogbo wọ́ọ̀dù.

"Olúwa ṣeun!" Nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́. Àwọn aláìsàn hó yèè, ìyá rẹ̀ ń jó.

Àfẹ́sọ́nà ti dìde, ó fi ìnujú bo imú. "Ṣé òkú eku ló wà nínú ẹ ni?"

"Ọkọ wa, ayọ̀ ni o! Ara rẹ̀ ti ń yá nìyẹn."

"Màmá, ẹ máa yọ̀ ọ́ lọ. Òdòdó ni mo rò pé mò ń fẹ́, ṣé ṣáláńgá ni?"

"Ọ̀gbẹ́ni, ìwọ náà kì í só ni?" ni nọ́ọ̀sì bi í.

Àfẹ́sọ́nà ti pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù. "Ẹ̀yin lẹ jàre o! Ó só bíi màlúù! Mi ò fẹ́ mọ́ jàre." Ẹ̀rín ọ̀rẹ́ náà ń ta jáde látinú fóònù bó ṣe ń lọ sẹ́nu ọ̀nà.

Ọmọge fẹ́ dìde, ojú abẹ fà á padà.

"Dúró! Jọ̀ọ́, olówó orí mi, mi ò ní ṣe é mọ́…"

Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí òmíràn fi jáde.