Fóònù Tó Ń Béèrè Bí Nurat Ṣe Sùn

Ìrun Alásárì ni ọmọ mi Nurat ń kí nígbà tí mo wọ yàrá rẹ̀ ní Lotto, ní Mowé. Ó ti foríkanlẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwo ìrẹsì lọ́wọ́, mo ń retí kó gbé orí sókè. Kò gbé e. Mo rò pé ohun kan ló ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run, nítorí ìdánwò ìgbéga rẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìgbà tí ìrẹsì ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tutù ni mo gbọ́ tó ń hanrun.

Mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀. Ó jí, ó jókòó sórí ẹní ìrun, ó ń wò mí bí ẹni tí kò mọ ìlú tí òun wà. Kò rántí ibi tó kí ìrun náà dé. Ó ní òun máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Bàálù ni Nurat ń wà. Àga ọwọ́ ọ̀tún ló ń jókòó sí, ọ̀gá inú bàálù ló ń jókòó sí ti òsì. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni iléeṣẹ́ wọn fẹ́ fún un ní ìdánwò tí yóò gbé e dé àga òsì. Èmi ti sọ fún gbogbo àdúgbò wa ní Ifọ̀. Mo tilẹ̀ ti sọ fún àwọn tí kò bi mí léèrè.

Nítorí pé kì í fi bẹ́ẹ̀ gbélé, gbogbo ohun tó fi ń rin ìrìn àjò, inú fóònù ló kó o sí. Áàpù kan ń sọ ibi tí òjò àti ìjì wà lójú sánmà fún un. Òmíràn ń sọ àkókò ìrun àti ibi tí yóò kọjú sí, ì báà jẹ́ Kánò ló sùn tàbí Ẹnúgù. Ọ̀kan ń fi títì márosẹ̀ hàn án láti Mowé dé Berger, pẹ̀lú àwọ̀ pupa níbi tí ọkọ̀ bá ti dì. Òun ló fi ń mọ ìgbà tó yẹ kó kúrò nílé, pàápàá lóṣooṣù tí àwọn èrò Redemption Camp bá ń wọlé ìsìn. Ọ̀kan tún wà láti iléeṣẹ́ wọn, tó ń kó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ rẹ̀ wá. Kó tó jáde síṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, eléyìí a bi í léèrè bó ṣe sùn. Nọ́ńbà ló máa fi dáhùn. Bó bá tẹ oókan, ara rẹ̀ yá gágá nìyẹn. Bó bá tẹ eéje, kò lè gbé ìpéǹpéjú sókè mọ́.

Bó ṣe kírun tán ni fóònù ké. Kò tilẹ̀ wò ó dáadáa kó tó tẹ̀ ẹ́. Mo bi í pé kí ni ìyẹn ń wí.

“Ó ń béèrè bóyá mo sùn dáadáa ni.”

“Kí lo wá sọ fún un?”

“Mo ní alihamudulilahi.”

Ẹ̀rín pa àwa méjèèjì. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń jẹ ìrẹsì, ó ṣàlàyé fún mi pé bí gbogbo wọn ṣe ń dáhùn nìyẹn. Àlejò kan wá láti òkè òkun kọ́ wọn ní bí wọ́n ṣe ń lo áàpù náà. Ó ní kí wọ́n sọ bó bá ṣe rí gan-an, gbogbo wọn sì mi orí. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, gbogbo wọn tẹ oókan. Bí a ṣe tọ́ wọn náà ni. Ọmọ tí a bá bi pé ṣé ó jí dáadáa, a dúpẹ́ ló máa wí, bí eyín bá tilẹ̀ ro ó mọ́jú. Ẹni tó bá ń fi ìnira rẹ̀ dáhùn ìkíni, a ó ní kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ṣùgbọ́n fóònù kì í ṣe ará ibí. Ó gba ohun tí wọ́n sọ gbọ́. Bí wọ́n bá ti ní àwọn sùn, á tún fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ wọn.

Nurat ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kánò dé láàárọ̀ yẹn ni. Ẹ̀rọ amúnáwá hòtẹ́ẹ̀lì ń dún lábẹ́ fèrèsé rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Kó tó dé Kánò, Port Harcourt ló wà. Òru ọjọ́ tó ṣáájú ìyẹn, ojú títì ló bá a. Mo bi í pé bó bá tẹ òótọ́ ńkọ́. Ó ní kò sẹ́ni tó máa bá òun jà, wọ́n á kàn pe ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n àwọn tó máa dán òun wò yóò rí i.

“Obìnrin ni mí, Màámi,” ló wí. “Wọ́n á ní àwọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.”

Mo palẹ̀ àwo mọ́.

Láwàlì tó ń wa mọ́tò iléeṣẹ́ wọn dé láìpẹ́ láti gbé e lọ síṣẹ́ alẹ́. Èmi náà ti di ẹrù mi, mo fẹ́ bá wọn dé Ìkẹjà kí n wọkọ̀ gba Àgbàdo lọ sí Ifọ̀. Láwàlì kí Nurat ní kapténì, ó gba báàgì mi, ó ní ṣé èmi náà ń fò lónìí ni. Mo ní Ifọ̀ ni mò ń fò lọ, kó rọra, mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

A kò fò jìnnà. Ní Ìbafọ̀, àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Camp ti yà wá sí ọ̀nà wa, wọ́n kọjú sí wa. Láwàlì pa ẹ́ńjìnnì. Nurat wá ṣí ìṣirò tó fi ń múra ìdánwò lórí fóònù. Yóò tẹ bí èrò àti ẹrù ṣe wúwo tó síbẹ̀, áàpù náà yóò sọ bóyá bàálù lè gbéra. Áàpù ní kò tọ̀nà. Nurat tún un ṣe, áàpù tún ní kò tọ̀nà. Nurat wá ní kí n máa bá òun ka nọ́ńbà inú ìwé rẹ̀, kí ojú òun lè wà níbì kan ṣoṣo.

Mo ka ẹ̀fà, mo ka èjì. Mò ń wo ìka rẹ̀. Ó tẹ èjì, ó tẹ ẹ̀fà.

Mo tún un kà, mo rọra kà á. Ìka rẹ̀ tún lọ sórí èjì.

Ó gbé ìka náà sókè, ó ń wò ó bí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. “Ẹ̀fà lẹ kọ́kọ́ kà, àbí?”

“Ẹ̀fà ni.”

Ó wá ní èyí tí òun máa tẹ̀ lálẹ́ yìí kì í ṣe ti ìdánwò, èèyàn ni yóò wà nínú bàálù náà. Èmi kọ́ ló ń bá sọ̀rọ̀. Mo rántí àwọn tí mo ti sọ fún ní Ifọ̀, ó sì wù mí kí n sọ pé kó fojú kan oorun díẹ̀ nínú mọ́tò, ara rẹ̀ á yá. N kò sọ ọ́. Ó ṣí áàpù iléeṣẹ́ wọn padà, ó sì tẹ ẹẹ́fà.

Kò pẹ́ tí Ọ̀gbẹ́ni Ìyàndá fi pè. Òun ló ń pín iṣẹ́ fún wọn. Nurat gbé fóònù lé itan, ó jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ síta, nítorí ó rẹ̀ ẹ́ láti gbé e sí etí.

“Kapténì Nurat, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ilé ńkọ́? Ṣé ẹ sùn dáadáa?”

Mo rí ẹnu rẹ̀ tó là láti dúpẹ́. Ó pa á dé.

“Rárá, sà. N kò sùn. N kò lè wa bàálù lónìí.”

Láwàlì yí rédíò sílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ìyàndá ní bóyá ọwọ́ rẹ̀ ló ṣì tẹ nọ́ńbà yẹn, òun lè bá a tún un ṣe kí ọ̀gá tó rí i. Mo mọ̀ pé ire ló ń rò. Nurat dá a lóhùn pé ọwọ́ òun kò ṣì. Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀, ó ní òun máa pe Jésùlayọ̀mi wá rọ́pò rẹ̀, torí Ìkẹjà ni ẹni yẹn ń gbé. Mo rò pé ó ti pa fóònù.

“Èmi náà ò sùn láti ìjẹta,” ni Ọ̀gbẹ́ni Ìyàndá wí níkẹyìn. “Ta ni n ó sọ fún?”

Láwàlì wá ibi tó ti yí padà sí Mowé. Kó tó yí i tán, Nurat ti sùn, orí rẹ̀ ń gbá gíláàsì. Báàgì mi wà nínú búùtù, n kò béèrè rẹ̀.

Ó sùn mọ́jú. Mo jí i kírun, ó jókòó kí i, ó padà sùn. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí, mò ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, torí iná ti lọ. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan láti iléeṣẹ́ wọn wọ orí fóònù rẹ̀ nígbà náà. Wọ́n ní àwọn sún ìdánwò rẹ̀ síwájú títí àwọn yóò fi yẹ ọ̀rọ̀ ìsinmi rẹ̀ wò. Wọn kò dá ọjọ́. Mo da ojú fóònù náà dé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó kà á. Ó tún da ojú rẹ̀ dé, ó wá bá mi níbi tí mo ti ń fọ àwo àná, ó kúnlẹ̀ kí mi.

“Ṣé o sùn dáadáa?” ni mo wí, bí mo ṣe máa ń wí.

“Alihamudulilahi.”

Mo wo ojú rẹ̀. “Èwo ni nọ́ńbà rẹ?”

Ó rò ó. “Ẹẹ́rin.” Ó gba kànìnkànìn lọ́wọ́ mi. “Tiyín ńkọ́, Màámi?”

Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Èmi náà rò ó.

“Ẹẹ́fà,” ni mo wí.

A fi àwo sílẹ̀ sínú omi, àwa méjèèjì padà lọ dùbúlẹ̀.