Owó Tí Kò Lórúkọ

"Ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, Mà."

"Bí mo bá tún gbé e sókè, àjà ni màá máa wò," ni ìyá àgbàlagbà tó wá ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù dáhùn.

Ayàwòrán fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ilẹ̀kùn ṣí, ọkọ àbúrò rẹ̀ wọlé, ẹ̀rín náà sì gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni àbúrò rẹ̀ obìnrin gbé ọmọ rẹ̀ jáde nílé ọkùnrin yìí, tòun ti apá tí ọkùnrin náà ṣẹ́, tí wọ́n dì. Ayàwòrán nìkan ló mọ ìlú tí wọ́n fara pamọ́ sí.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n," ni àna rẹ̀ wí. "Ẹ dá Màmá lóhùn ná. Mi ò kánjú."

Ó jókòó sórí àga, ó ká ẹsẹ̀ léra. Ìyá àgbà gba fọ́tò rẹ̀, ó ní ojú tó wà níbẹ̀ dà bí ojú ẹni tó jí ewúrẹ́, ó sanwó, ó lọ. Ìgbà náà ni ọkùnrin náà dìde, tó gbé fóònù rẹ̀ lé orí tábìlì.

"Mo ya fọ́tò níbí lóṣù tó kọjá, kírípítò, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn, ni mo sì fi san án." Ó nàka sí àmì onígun mẹ́rin tó lẹ̀ mọ́ gíláàsì ṣọ́ọ̀bù, èyí tí àwọn oníbàárà ń fi fóònù yà láti sanwó. "Àdírẹ́sì àpò owó yín nìyẹn. Gbogbo owó tó wọlé síbẹ̀ àti gbogbo èyí tó jáde ni mò ń rí."

"Ṣé o wọ inú àpò mi ni?"

"Rárá o. Kí ni mo fẹ́ wá lọ síbẹ̀? Òótọ́ ni pé kò sórúkọ níbẹ̀, àmọ́ gbangba lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ìwé tí wọ́n ń kọ gbogbo owó yẹn sí wà. Ọmọdé lè kà á." Ó fi ìka fa ojú fóònù náà sókè. "Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, iye kan náà ń lọ sí àdírẹ́sì kan ṣoṣo. Ta lẹ̀ ń bọ́, Ẹ̀gbọ́n?"

"Onílé mi ni."

"Onílé tó ń gbowó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?" Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́. "Onílé yín yìí, ilé oògùn kan ló máa ń sanwó fún lóṣooṣù. Àwọn náà gbé àdírẹ́sì tiwọn sójú ìkànnì wọn fún àwọn oníbàárà. Ẹ sì mọ̀ pé ọmọ mi kì í lè mí dáadáa tí kò bá fa oògùn símú. Ẹ̀ka mẹ́ta ni ilé oògùn yẹn ní, ní ìlú mẹ́ta." Ó dárúkọ àwọn ìlú náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. " Ẹ kàn sọ èwo ni fún mi, ká fi ṣe ọ̀rọ̀ ẹbí."

"Mi ò mọ ohun tí ò ń sọ."

Ọkùnrin náà wo ojú rẹ̀ pẹ́. "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó tẹríba bí àna rere, ó sì jáde.

Ayàwòrán ti ilẹ̀kùn. Òun fúnra rẹ̀ ló mú kírípítò wá, nítorí ọkọ náà ní ọ̀rẹ́ ní báńkì tó máa ń yọ́ àkáǹtì àbúrò rẹ̀ wò. "Èyí kò lórúkọ," ló sọ fún un nígbà náà. Ó yẹ kó ya àpò kan sọ́tọ̀ fún owó àbúrò rẹ̀ nìkan, àmọ́ wàhálà àpò méjì sú u, ó sì ń lo ti ṣọ́ọ̀bù.

Ó wá owó fọ́tò oṣù tó kọjá jáde nínú fóònù rẹ̀. Àdírẹ́sì àna rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, gbogbo ìnáwó ọkùnrin náà sì tò sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Èyí tó dé kẹ́yìn kò tíì pé wákàtí kan: ilé iṣẹ́ ọkọ̀ èrò ló san án fún, àwọn náà ti fi àdírẹ́sì wọn hàn gbangba, orúkọ wọn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iye náà gan-an ni owó ọkọ̀ lọ sí ìlú àbúrò rẹ̀.

Ọkùnrin náà ti ra tíkẹ́ẹ̀tì kó tó wọ ṣọ́ọ̀bù. Kò wá béèrè nǹkan kan. Ojú ló wá wò, kó lè mọ̀ dájú pé ìlú tó ti ń fura sí náà ni.

"Bùrọ̀dá mi, mo wà lẹ́nu iṣẹ́," ni àbúrò rẹ̀ wí nígbà tó gbé fóònù. Ní ilé alágbàfọ̀ ló ti ń lọ aṣọ.

"Fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Ó ń bọ̀."

Kò béèrè ẹni tó ń bọ̀. "Báwo ló ṣe mọ̀?"

"Èmi ni mo fà á. Àdírẹ́sì tí mo lẹ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀bù ni mo fi ń ránṣẹ́ sí ọ. Ó tẹ̀ lé owó náà dé ilé oògùn."

"Ẹ ní kò lórúkọ."

"Kò lórúkọ. Ó ní ipasẹ̀ ni."

Ó gbọ́ tí ẹ̀rọ ìlọṣọ kan ń tu oru lẹ́yìn àbúrò rẹ̀. "Wákàtí mélòó la ní?"

"Bí márùn-ún."

"Màá lọ mú ọmọ nílé ìwé báyìí."

"Jẹ́ kí n fi nǹkan díẹ̀..."

"Bùrọ̀dá, ẹ má fi nǹkan kan ránṣẹ́. Mo ní owó bébà lọ́wọ́."

"Ibo lẹ máa gbà lọ?"

Kó tó fèsì, Ayàwòrán rántí bí àna rẹ̀ ṣe tẹjú mọ́ òun lẹ́ẹ̀kan.

"Má dá mi lóhùn," ló wí. "Mi ò fẹ́ mọ̀."

"Ó máa pẹ́ kẹ́ ẹ tó gbóhùn mi o."

"Kó pẹ́."

Nígbà tí ìpè náà gé, ó wo nọ́ńbà rẹ̀ títí ojú fóònù fi ṣú. Ó tún tàn án, ó sì pa nọ́ńbà náà rẹ́.