Ọjọ́ tí Dáapadà Wá Àléébù Tì

"Ẹni tó máa kó ọjà tí ò lábùkù wọ géètì yìí, ìyá ẹ̀ ò tíì lóyún ẹ̀!"

Ùsmán ló ń fọ́nnu bẹ́ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gba ẹrù ní ilé iṣẹ́ fáànù kan l'Ọ́rẹ́gùn, ó yọ àyà síta bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó yẹ gbogbo irin àti wáyà tó bá wọlé wò kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń to fáànù. Àléébù kì í sá mọ́ ọn lójú. Wọn ò tiẹ̀ pè é ní Ùsmán mọ́, Dáapadà ni wọ́n ń pè é.

"Bọ̀dá Dáapadà, tó bá wá ṣẹlẹ̀ ńkọ́?" Uswat ló bi í, obìnrin tí wọ́n jọ ń lo tábìlì kan, tí ẹnu ẹ̀ ò ní bíréèkì.

"Màá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fẹ́ni tó ṣe é. Kódà kó jẹ́ Job!"

Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin Ìjẹ̀bú kan ni Job, Ùsmán tó bí i lọ́mọ. Ó ń gé ṣáàfù, ìyẹn ọ̀pá irin tó ń yí abẹ̀bẹ̀ fáànù, ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ l'Ágége. Ìwọ̀n kan náà ni gbogbo ilé iṣẹ́ fáànù agbègbè yẹn ń lò, síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti dá tiẹ̀ padà. Ti àkọ́kọ́ sanra jù. Èkejì wọ́ bí ẹsẹ̀ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn.

Ẹ̀rín ò tíì tán tí lọ́ọ̀rì tó gbé ẹrù Job fi dé. Sànní, awakọ̀, ní kí wọ́n máa sọ ẹrù ná, òun fẹ́ sáré kírun Àyìlá. Àwọn alágbàrù gbé àpótí tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀ sílẹ̀, wọ́n tú u. Bí Job náà ṣe bọ́ lórí ọ̀kadà nìyẹn.

Ùsmán mú ṣáàfù kan, ó tì í bọ òrùka irin tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ó wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́ bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ bàtà tí wọ́n wọ̀n ọ́n rán. Ó rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn, ó fa òmíràn yọ nísàlẹ̀ pátápátá. Bákan náà! Ó yí i gbirigbiri lórí tábìlì, kò fò, kò yẹ̀. Ó gbé e sábẹ́ iná, ó rí irùngbọ̀n ara ẹ̀ nínú irin, ewú ibẹ̀ ò fara pamọ́ rárá. Ó gbóòórùn ẹ̀. Ó fi kan òmíràn: gooooo! Ìró náà lọ títí, bí ẹni pé kò fẹ́ kú.

Àwọn òṣìṣẹ́ pa ẹ̀rọ, wọ́n rọ́ wá.

"Súbúhánálláhì," Uswat sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé ẹ̀.

"Ìwọ lo ṣe é, Job?" Ùsmán bi í.

Job lanu sílẹ̀. "Bọ̀dá, èmi náà ò mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n ṣe tó báyìí."

Ùsmán ti fojú wá ohun tí ò dáa pẹ́ débi pé kò mọ bí ohun tó dáa tán ṣe ń rí. Ìṣó kan wà lápò ẹ̀. Bó bá fi ha irin náà díẹ̀ báyìí, àyà ẹ̀ ò ní kanlẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó fọwọ́ kan ìṣó. Ó tún wo irin tó ń dán lọ́wọ́ ẹ̀. Ọwọ́ kọ̀.

"Bọ̀dá, ilẹ̀ ń retí yín o," Uswat rán an létí.

Gbàgà! Dáapadà dọ̀bálẹ̀ lórí kọnkéré.

"Yéè! Ẹ má pa mí, bọ̀dá!" Job náà ṣubú lulẹ̀, ó ń wá bí òun ṣe máa lọ sílẹ̀ ju àgbàlagbà lọ. Orí dojú kọ orí, àyà méjèèjì lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹnìkan pariwo, "Aláhù Àkúbárù!" Uswat ń nu ojú.

Sànní tibi ìrun dé, omi àlùwàlá ṣì ń kán ní irùngbọ̀n ẹ̀. Ó wo àwọn méjèèjì nílẹ̀, ó wo àpótí.

"Ẹrù tí mò ń gbé lọ sílé iṣẹ́ fáànù Àgídìngbì lẹ tú yẹn. Ti Job ṣì wà nínú ọkọ̀."