Púlì Tiwa

"Uncle Ṣọládé, ẹ kọ méjìdínlógún síwájú orúkọ ọmọ yìí, kí ẹ padà sí kíláàsì yín."

Màdámù tó ni iléèwé ò pariwo, ìyẹn gan-an ló dẹ́rù ba Ṣọládé. Ìwé máàkì wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì. Ẹ̀gbẹ́ ìwé náà ni púlì tó dá ìjà sílẹ̀ wà: igi tí wọ́n fi fáníìṣì kùn, okùn funfun, péèlì kékeré tó rọ̀ sí i. Káfíńtà kan l'Ójòtá ló kàn án. Ta ni ò mọ̀? N'Ìkòsì lọ́dún 2006 yẹn, tíṣà ò tíì ní parí ọ̀rọ̀ lórí háńdíwọ́ọ̀kì tí òbí á ti gba ilé káfíńtà lọ.

Bẹ́ẹ̀ Ṣọládé ti kìlọ̀ fáwọn ọmọ Praimari Fọ́ọ̀ rẹ̀. Ó ní agolo mílíìkì, igi ìgbálẹ̀, okùn, ohun tí ọwọ́ ọmọ bá ká ni kó fi ṣe púlì tí yóò fa nǹkan sókè. Òdo ló wá fún Tiwa. Ni màmá Tiwa bá wa mọ́tò láti Magodo láàárọ̀ kùtù, ó fa Tiwa lọ́wọ́ wọ ọ́fíìsì, ó ní tí òdo yẹn bá dúró, òun á kó ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tóun ní níbẹ̀ kúrò. Màdámù ní kí Ṣọládé mú ọ̀kan: kó kọ máàkì, tàbí kó kó ẹrù rẹ̀.

Oyún oṣù mẹ́jọ wà nínú ìyàwó Ṣọládé nílé. Ó mú bírò, ó tún gbé e sílẹ̀. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí Tiwa fa péèlì náà sókè lójú gbogbo àwọn. Tó bá gòkè, òun á kọ ogún fún un.

Tiwa fa okùn. Péèlì ò mira. Káfíńtà ti kan ìṣó mọ́ róòlà tó yẹ kó máa yí okùn lọ́tùn-ún lósì kó má baà mì, àfi bí ẹni kan àga.

Màmá rẹ̀ ní àṣìṣe káfíńtà nìyẹn, kì í ṣe ti ọmọ.

"Kí ni ọmọ ṣe nínú ẹ̀, Mummy?" Ṣọládé béèrè.

Tiwa ló fọhùn, ojú rẹ̀ ń wolẹ̀.

"Mo ṣe tèmi, Uncle. Ó ń gbé bàtà mi sókè. Mummy ní ó rí wúruwùru, wọ́n sọ ọ́ nù. Ẹ jẹ́ kí òdo yẹn wà, màá ṣe òmíì."

Ìtìjú bo màmá rẹ̀. Màdámù pa ìwé máàkì dé pẹ̀lú òdo náà nínú rẹ̀, ó ní àwọn ọmọ ń dúró de Uncle ní kíláàsì.

Ṣọládé ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó gbọ́ ohùn màmá Tiwa, ohùn náà ti rọlẹ̀.

"Ṣé agolo mílíìkì kan ti tó?"

"Méjì, Mummy," Tiwa dáhùn. "Ẹ kàn bá mi wá a ni. Ẹ má bá mi ṣe é."