Ọjọ́ Tí Lásúnkànmí Lọ Dáhùn Sórúkọ Ìyàwó Rẹ̀

Gẹ̀gẹ̀ tó wà lọ́rùn Ọmọ́yẹni kì í ṣe gẹ̀gẹ̀ àná. Ìborùn ló fi ń bò ó. Nígbà tó ṣì kéré, ìborùn bò ó dáadáa. Ní báyìí, bó bá fẹ̀yìn lélẹ̀, èémí rẹ̀ á máa fọn bíi fèrè, àfi kó jókòó kó fẹ̀yìn ti ògiri kó tó lè sùn. Dókítà Ọsibítù Ìjọba Òkè-Ìtura kò fi bò fún un.

"Màmá, a ní láti gé e kúrò. Bó bá tún tẹ ọ̀nà ọ̀fun yín sí i, mi ò lè ṣèlérí kankan."

Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn tó ń dúró de iṣẹ́ abẹ. Ọdún yípo, ó ń dúró. Ó tún yípo, ó ṣì ń dúró.

Ìgbà tí rédíò wá sọ pé ìjọba ti fowó sílẹ̀ kí àwọn aláìsàn má baà máa kú sẹ́nu ìdúró, inú Ọmọ́yẹni dùn díẹ̀. Díẹ̀ náà ni. Ó ti dàgbà tó láti mọ̀ pé ohun tí ìjọba bá fọwọ́ ọ̀tún fúnni, ó yẹ kéèyàn máa ṣọ́ ọwọ́ òsì. Wọ́n ní kí gbogbo wọn wá ní Ọjọ́rú, wọn á pè wọ́n lórúkọ, ẹni tí kò bá dáhùn, wọn á fagi lé e.

Ọjọ́rú yẹn gan-an ni Orò jáde ní Ẹ̀pẹ́, ládùúgbò wọn. Láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi máa wọ̀, obìnrin kò gbọdọ̀ yọjú síta.

Ọmọ́yẹni dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń fọwọ́ pa ìborùn. "Bàbá Fisáyọ̀, orúkọ mi ń lọ o."

Lásúnkànmí, ọkọ rẹ̀, bíríkìlà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ti ń wọ bàtà. "Ṣebí ọ̀kan náà ni wá? Mo máa lọ bá ọ dáhùn."

Ohun tó rò náà ni àwọn ọkọ yòókù rò. Nígbà tí Oyèkọ́lá, akọ̀wé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti ọ̀nà jíjìn, bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ, ọkùnrin ló kún orí bẹ́ǹṣì.

"Raqeebah!"

Ọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ kan àyà nawọ́ sókè.

"Ọmọ́yẹni!"

"Èmi rèé, sà!"

Oyèkọ́lá wo ọrùn Lásúnkànmí, ó tún wo ìwé. "Gẹ̀gẹ̀ ẹ dà?"

"Ó wà nílé, sà."

Bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Oyèkọ́lá ò rẹ́rìn-ín. Ó rò pé òun ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fi bírò fa nǹkan sórí ìwé, ó ní, "Ó tó. Máa lọ."

Lásúnkànmí délé, ó ní, "Mo fojú ara mi rí i. Ó fi bírò sí i." Ọmọ́yẹni dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn méjèèjì jọ lọ gba ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Oyèkọ́lá kò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Orúkọ yín ti kúrò, màmá. Ẹ rán ọkọ yín wá bú mi níwájú èrò. Ẹ lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí."

"Orò ló jáde, sà. A ò gbọdọ̀..."

"Orò ò sí nínú fáìlì mi."

Raqeebah, obìnrin tí kókó wà nínú ilé ọmọ rẹ̀, pàtẹ́wọ́ lórí bẹ́ǹṣì. "Háà! Wọ́n fún wọn lówó kí wọ́n dín ìdúró kù, àwa ni wọ́n ń dín kù!"

Oyèkọ́lá na ìka sí wọn. "Kọ́míṣọ́nnà ń bọ̀ láàárọ̀ yìí. Ẹni tó bá lanu níwájú wọn, inú ààtàn ló ti máa bá fáìlì ẹ̀."

Ọmọ́yẹni jókòó jẹ́ẹ́. Ó tún ìborùn wé.

Kọ́míṣọ́nnà dé tòun ti àwọn tó ń ya fọ́tò. Oyèkọ́lá ń rìn níwájú, eyín funfun. "Àwọn tó ń dúró ti dín ju ìdajì lọ, sà!" Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ìgbà tí wọ́n dé iwájú rẹ̀, ọwọ́ Ọmọ́yẹni bá ara rẹ̀ lára ìborùn. Ó tú u. Afẹ́fẹ́ fọn lọ́fun rẹ̀. Kọ́míṣọ́nnà dúró.

"Ìyá yìí ńkọ́?"

"Aláìsàn tuntun ni, sà. Òní ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé."

"Irọ́ ni." Ohùn Ọmọ́yẹni kéré, ó gbẹ. "Ẹ wo ọrùn mi, sà. Ṣé òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ hù?"

Ni Raqeebah bá fò dìde: "Ẹ bi í léèrè ọkọ mi onírùngbọ̀n, tí wọ́n yẹ̀ wò lánàá tí wọ́n ò bá kókó nínú ilé ọmọ ẹ̀, ni wọ́n bá fagi lé orúkọ gbogbo wa!"

Ojú Kọ́míṣọ́nnà le. Ó ní kí wọ́n sọ kámẹ́rà kalẹ̀. "Ẹ dá orúkọ wọn padà. Gbogbo wọn. Kí n tó kúrò níbí."

Oyèkọ́lá kọ ọ́, ó ń wa eyín pọ̀. Ó ju káàdì sí Ọmọ́yẹni. "Ọjọ́ Ajé. Bó bá jẹ́ ọkọ yín ló tún yọjú, ọrùn tiẹ̀ la máa gé."

"Ó parí," Lásúnkànmí wí. "Jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Ẹ máa lọ. Bí wọ́n bá tún sé wa mọ́lé lọ́jọ́ Ajé ńkọ́?"

"Orò ò tún ní jáde báyìí."

"Ta ló sọ fún yín?"

Ọmọ́yẹni tẹ́ ìró kan sẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ, ó jókòó, ó fẹ̀yìn ti ògiri.

"Ẹ ò lè sùn síbẹ̀ yẹn!" Oyèkọ́lá pariwo.

Ọmọ́yẹni ò wojú rẹ̀. "Ìjókòó ni mo ti ń sùn tipẹ́, sà. Mi ò ní gba àyè púpọ̀."