Táyà Mẹ́rin Tí Kò Tíì Kanlẹ̀ Rí

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà, ọjọ́ Sátidé, ní aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá ogún ìṣẹ́jú, ọmọkùnrin mi kan ṣoṣo kú. Òjò ń rọ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ yọ̀ ní kọ́nà tó wà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ omi, ó yí lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ gbá òpó iná. Kò sí ẹlòmíràn nínú ọkọ̀ náà. Ilé mi ló ń bọ̀.

Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni. Ayàwòrán ilé ni. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi ṣiṣẹ́ kó tó ra ọkọ̀ yẹn: dúdú, gígùn, ìjókòó aláwọ, ẹ́ńjìnnì tó lágbára ju ohun tí ojú ọ̀nà wa lè gbà lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Jẹ́jẹ́, wọ́n ní ó ra ẹṣin tán, ẹ̀gbẹ́ ẹṣin ló ń fẹsẹ̀ rìn. Èmi náà wá ń pè é bẹ́ẹ̀. Mi ò rí i kó sáré rí. Nígbà tí àwọn èèyàn dé síbi ìsìnkú tí wọ́n ń mi orí, tí wọ́n ń sọ pé eré àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ló ń pa ọmọ ọlọ́mọ, inú bí mi débi pé mo dìde kúrò láàárín wọn. Kì í ṣe eré ló pa á.

Ọ̀rọ̀ táyà ni mo fẹ́ sọ.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe àpò. Bàbá Sítọ̀ ni wọ́n ń pè mí títí dòní. Gọ́ọ̀mù, ọ̀dà, òróró ẹ̀rọ, ohunkóhun tó bá wọlé ni mo ń kọ ọjọ́ sí lára. Èyí tó kọ́kọ́ wọlé ni yóò kọ́kọ́ jáde. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ bá ti kọjá, mo máa ń dà á nù níṣojú ọ̀gá, ẹ̀bẹ̀ ẹnikẹ́ni kì í wọ̀ mí létí. Nígbà tí wọ́n ti ilé-iṣẹ́ náà pa, wọ́n bi mí pé kí ni mo fẹ́ mú lọ fi rántí wọn. Mo mú táyà mẹ́rin tí wọ́n ti rà sílẹ̀ fún ọkọ̀ ọ̀gá pátápátá, tí wọn kò tíì lò. Ojúlówó ni. Mo fi ọ̀rá wé wọn, mo tò wọ́n sábẹ́ fèrèsé yàrá mi, mo da aṣọ bò wọ́n. Ìyàwó mi, kó tó kú, máa ń bi mí pé, "Àwọn ọmọbìnrin rẹ mẹ́rin yìí, ṣé wọn ò ní lọ sílé ọkọ ni?" Mo máa ń dá a lóhùn pé ọjọ́ wọn ń bọ̀.

Ọjọ́ wọn dé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún yìí. Jẹ́jẹ́ pè mí, ó ní táyà ọkọ̀ òun ti jẹ tán, òun ń lọ pààrọ̀ wọn. Mo ní kó ka nọ́ńbà ìwọ̀n tó wà lára wọn fún mi lórí fóònù. Mo ṣí aṣọ, mo wò ó. Nọ́ńbà kan náà ni. Mo kó wọn sínú takisí, mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù.

Ṣọ́ọ̀bù náà mọ́. Táyà kún orí pẹpẹ irin dé òkè àjà, gbogbo ibẹ̀ ń rùn rọ́bà tuntun. Ẹni tó ni ín, Wò-ó-Dáadáa ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí kò sí oníbàárà tí kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún. Ó ti gbé táyà kan sílẹ̀ níwájú ọmọ mi, ó ń fi ìka tọ ìlà ojú rẹ̀.

"Èyí gba òjò, ó gba ẹ̀ẹ̀rùn," ó ń wí. "Àwọn kan wà, orí títì gbígbẹ nìkan ni wọ́n ti ń ṣe akọ. Bí omi díẹ̀ bá ti kán, wọ́n ti di ọṣẹ. Wo àwọn kòtò gbọọrọ yìí, ibẹ̀ ni omi ń gbà sá jáde. Lẹ́tà kékeré yìí ló ń sọ eré tó lè gbà. Ọkọ̀ rẹ lágbára, má wọ bàtà ọmọ iléèwé fún un. Wò ó dáadáa."

Mo ní kó gbé e padà sórí pẹpẹ. Mo ní ọmọ mi ti ní táyà.

Ó tẹ̀ lé mi jáde, ó tú ọ̀rá kúrò lára ọ̀kan. Ó fi èékánná tẹ rọ́bà náà. Ó yí i títí ó fi rí nọ́ńbà mẹ́rin kan tí wọ́n kọ sínú àmì tó rí bí ẹyin.

"Bàbá, ẹ wo ibí. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é. Méjì ìkẹyìn ni ọdún. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá."

"Kò tíì kanlẹ̀ rí," mo ní.

"Mo mọ̀, sà. Rọ́bà kì í dúró dìgbà tó bá kanlẹ̀ kó tó gbó. Níbi tó jókòó sí náà ló ti ń gbó. Èyí ti le. Bí òjò bá rọ̀, kò ní lè di títì mú."

"Ṣé búrẹ́dì ni, tí yóò fi bu?"

Àwọn tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ẹni tí wọ́n ń fi ṣe ẹlẹ́yà nínú àwa méjèèjì.

"Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà," mo sọ fún un.

"Òótọ́ ni, Bàbá," ó ní. "Àkísà náà la ń wò yìí."

Mo bú u. Mo ní ọjà rẹ̀ ló ń wá bí yóò ṣe tà. Mo pè é ní oníjìbìtì lójú àwọn oníbàárà rẹ̀. Jẹ́jẹ́ dúró láàárín wa, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn bó ti máa ń ṣe láti kékeré bí mo bá ń bínú. Ó wo táyà, ó wò mí. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó fẹ́ wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí táyà àkọ́kọ́ lọ sídìí ẹ̀rọ.

"Ẹ ṣeun, Dádì," ó ní. "Ẹ ti bá mi tọ́jú wọn pẹ́."

Wọ́n fi wọ́n sí i. Láti ìgbà náà, ní gbogbo Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, bó bá wá kí mi, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wo ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà kí n tó jẹ́ kó wọlé. Táyà mi máa ń wà níbẹ̀, wọn kò sì jẹ. Mo máa ń sọ pé, "Ṣé o rí i? Níbo ni Wò-ó-Dáadáa wà báyìí?" Òun náà á rẹ́rìn-ín, á bọ́ bàtà, á wọlé.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án tí a sin ín, mo lọ sí ọgbà tí wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà lọ. Mi ò wo ìjókòó awakọ̀. Táyà ni mo wò. Ọ̀kan ti ya. Mẹ́ta yòókù ṣì ní afẹ́fẹ́ nínú, ìlà wọn jìn bíi ti ọjọ́ tí mo gbà wọ́n. Ẹni tó ń ṣọ́ ọgbà náà dúró tì mí. Ó ní, "Bàbá, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ. Àwọn mẹ́ta yìí tuntun ni o. Ẹnìkan ti ń béèrè wọn." Nínú àpótí iwájú ọkọ̀ ni mo ti rí páálí pélébé kan láti ṣọ́ọ̀bù Wò-ó-Dáadáa. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló wà lórí rẹ̀. Níwájú Fúráìdè kan, wọ́n kọ ọ́ pé, "Yọ mẹ́rin, fi mẹ́rin sí." Níwájú Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ohun kan náà. Bẹ́ẹ̀ ló lọ láti oṣù kejì. Ìkẹyìn ni Fúráìdè ọjọ́ kejì oṣù kẹfà. Kò sí Mọ́ńdè lẹ́yìn rẹ̀.

Mo ti ṣọ́ sítọ̀ rí. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń jí ojúlówó tí wọ́n ń fi ayédèrú dí àlàfo rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé ṣọ́ọ̀bù náà, nítorí mo fẹ́ kí ìbínú mi tó mi lò débẹ̀.

Mo ju páálí náà sórí tábìlì rẹ̀. "O ń jí táyà mi," mo ní. "O ń yọ wọ́n, o ń fi pàǹtírí rọ́pò wọn. Ìwọ lo pa ọmọ mi."

Ó gbé irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jáde.

"Ẹ jókòó, Bàbá."

"Mi ò wá jókòó. Sọ irọ́ rẹ, kí n gbọ́."

Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Táyà mẹ́rin wà lórí pẹpẹ níbẹ̀, wọ́n ti lò wọ́n díẹ̀. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára wọn: JẸ́JẸ́, MỌ́ŃDÈ. Mo fi èékánná tẹ ọ̀kan. Ó rọ̀.

"Ọjọ́ kejì tí ẹ bú mi ló padà wá," ó ní. "Ó ra mẹ́rin yìí. Ó ní kí n bá òun tọ́jú ti yín. Bó bá ku ọ̀la kó wá sọ́dọ̀ yín, a ó yọ tirẹ̀, a ó fi ti yín sí i. Bó bá di Mọ́ńdè, a ó dá tirẹ̀ padà."

"Nítorí kí ni?"

"Bàbá, ta ló ń bẹ̀rẹ̀ wo táyà lẹ́nu ọ̀nà?"

Mo pariwo mọ́ ọn. Mo ní, "O mọ̀ pé wọn ò dára. Èmi ò mọ̀, ìwọ mọ̀. Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Kí ló dé tí o gbà?"

"Mo kọ̀ ní Fúráìdè yẹn. Ó ní òun á rọra wà á. Ó ní ogójì ìṣẹ́jú péré ni. Ó ní, 'Bí bàbá mi bá rí wọn, inú rẹ̀ á dùn títí oṣù á fi parí. Kí ni mo tún lè rà fún un tó lè ṣe bẹ́ẹ̀?'" Ó nu ọwọ́ sára aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó tún un nù. "Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń bẹ èèyàn."

Mo gbé ọwọ́ láti gbá a létí. Ó dúró dè mí. Mi ò gbá a.

Ọmọ mi ni inú mi wá ń bí sí. Ó ń ya ilé alájà méjìlá, àwọn ọ̀gá ńlá ń gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu, kò sì lè sọ fún bàbá rẹ̀ pé, Dádì, àṣìṣe lẹ ṣe. Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀? Nínú ilé tí mo ti tọ́ ọ dàgbà, bí mo bá ní funfun ni, funfun ni. Mo fẹ́ràn bẹ́ẹ̀. Mo máa ń fi yangàn lójú àwọn bàbá tí ọmọ wọn ń já lẹ́nu. Òun gbọ́rọ̀ sí mi lẹ́nu títí dé ìdí òpó iná.

Mo ní kó fún mi ní ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé rọ́bà. Ó bi mí ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní iṣẹ́ mi ni. Kò jẹ́ kí n dá lọ.

Ní ọgbà náà, mo kúnlẹ̀ sórí iyanrìn, mo gún ẹ̀gbẹ́ táyà àkọ́kọ́. Ó le bí pákó. Ọ̀bẹ yọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó wọlé. Wò-ó-Dáadáa di rímù mú fún mi. Olùṣọ́ ọgbà sáré wá.

"Bàbá, táyà tuntun lẹ ń bà jẹ́ yẹn."

"Ó ti gbó."

"Kò jẹ rárá. Ẹ wò ó dáadáa."

"Mo ti wò ó," mo ní. Mo gé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta títí kò fi sí ẹni tó tún lè fi wọ́n sábẹ́ ọmọ ẹnikẹ́ni.

Mo sọ fún Wò-ó-Dáadáa pé kó wá ẹni tí mẹ́rin tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ bá mu lónìí, kó fi wọ́n sí i fún un. Mo ní kó má jẹ́ kí wọ́n sùn síbẹ̀ mọ́. Ó ní ó dáa. Kò sọ pé kí n má bínú, mo sì dúpẹ́ pé kò sọ ọ́.

Nígbà tí mo délé, mo mú ìwé sítọ̀ mi àtijọ́, mo fa ìlà, mo kọ ohun tó kù sílẹ̀.

Táyà tó gba òjò gba ẹ̀ẹ̀rùn, mẹ́rin. Wọ́n ti jáde.

Táyà ọlọ́dún mọ́kànlá, mẹ́rin. Wọ́n ti bàjẹ́.

Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ọ̀kan. A ò rí èkejì.

Àwòrán ilé tí a ká, méje. Ọ̀kan kò tíì parí.

Bàtà ilé tó máa ń wọ̀ bó bá dé ọ̀dọ̀ mi, ẹsẹ̀ méjì, lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ìyàwó rẹ̀, ọ̀kan.

Ọmọbìnrin, méjì. Ọdún mẹ́sàn-án, ọdún mẹ́fà.

Bàbá, ọ̀kan. Ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin.

Aṣọ tí mo fi bo táyà lábẹ́ fèrèsé, ọ̀kan.

Gílóòbù iná ọ̀ọ̀dẹ̀ tí mo ní kó bá mi rà bọ̀, ọ̀kan, nínú páálí rẹ̀, lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Kò fọ́.