Ẹsẹ̀ Kan Tó Gùn Lára Pẹpẹ

Kẹ́! … Kí ló dún yẹn? Gíláàsì ni àbí igi? Àbí páànù òrùlé tí oòrùn ń pa… Mi ò da omi sínú àpótí gíláàsì yìí mọ́. Bọ́kẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ mi, ó kún, apá ń ro mí, mi ò dà á. Omi ti dé ìdajì. Bí ìdajì bá ń dún kẹ́, báwo ni gbogbo rẹ̀ ṣe máa dún?

Ẹsẹ̀ yẹn ni. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, lápá fèrèsé. Èmi fúnra mi ni mo fi téèpù wọ̀n ọ́n lánàá, nígbà tí a tẹ́ pẹpẹ náà sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lójú Jímọ́ọ̀ awakọ̀ tó gbé e wá láti Ìfọ́n. Ẹsẹ̀ mẹ́ta dọ́gba. Ìkẹrin fi ìbú àtàǹpàkò gùn jù wọ́n lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọ̀n ọ́n. Tísà bàọ́lọ́jì ni mí, mi kì í wọn nǹkan lẹ́ẹ̀kan. Bíọ́dún! Káfíńtà tó ti ń ṣe iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà tí irun orí wa ṣì dúdú! Mo ní kó kan pẹpẹ tí yóò gbé àpótí gíláàsì tí mo fẹ́ sin ẹja sí, ó gbẹ́ àgbélébùú kékeré síwájú rẹ̀, torí pẹpẹ kan ṣoṣo lòun mọ̀. Rachael ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí: "Dádì Ayọ̀mikún, ṣé ká máa kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀ ni?" Ìyẹn ò dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí kò dọ́gba… kò lè jẹ́ àṣìṣe. Bí kò bá sì jẹ́ àṣìṣe —

Rárá. Mi ò fẹ́ ronú débẹ̀.

Mo ti ronú débẹ̀. Láti àná ni mo ti wà níbẹ̀. "Tísà, ará Ìfọ́n lẹ gbé iṣẹ́ fún? Lásìkò yìí?" Bàbá Màríámọ̀, tí ilé wa jọ kángun síra, ló sọ ọ́, ó ń wò mí bí ẹni ń wo aláìgbọ́n. Mo ní ọ̀rẹ́ mi ni. Ọ̀rẹ́ mi! Ọ̀rẹ́ tí mi ò fojú kàn láti ìgbà tí Ìlobùú wa àti Ìfọ́n ti gbéná wojú ara wọn nítorí ilẹ̀. Ìfọ́n tí ọ̀kadà ń dé kí ọbẹ̀ tó hó! Mi ò lọ, òun náà ò wá. Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, mo sọ bí gíláàsì ṣe gùn tó, mo ní inú pálọ̀ ni yóò wà, ní igun ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ọ̀rọ̀ méjì ló fi dá mi lóhùn: "Mo gbọ́." Kò bèèrè Rachael. Kò bèèrè nǹkan kan.

Ayùn wà nílẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Láàárọ̀ ni mo mú un jáde. Kí n fa omi yìí kúrò, kí n dojú pẹpẹ dé, kí n gé àlékún yẹn dànù. Kò lè gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí ló dé tí mi ò tíì gé e?

Omi yìí ni. Mi ò lè ṣíwọ́ wíwò ó. Mo po iyọ̀ òkun mọ́ omi nínú dírọ́ọ̀mù, mo fi ìka kan án sórí ahọ́n… Ọlọ́run mi! Òkun ni. Òkun ní Ìlobùú, àwa tó jẹ́ odò Ẹ̀rìnlẹ̀ la mọ̀! Bàbá mi kú láìfojú rí i. Èmi náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ní Bàdágìrì, èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Wọ́n ń bi mí ní ìbéèrè, èmi ń rìn lọ sínú omi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá bí díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò ṣe wọ ilé mi. Ẹja ò tíì sí níbẹ̀, ó di ìgbà tí omi bá ti fara rọ. Omi nìkan ni, bó bá kún, á wúwo tó àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin. Bí pẹpẹ bá tẹ̀ sápá kan, gíláàsì á là. Wọn ò sì ní í sọ pé gíláàsì ló là, wọ́n á ní ará Ìfọ́n ló ṣe é. Èmi náà á gbà wọ́n gbọ́. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù… bí mo bá fi lè gbà á, èmi àti Bíọ́dún ti parí nìyẹn.

Áà, bọ́kẹ́ẹ̀tì! Ó ti dà sí mi lẹ́sẹ̀. Omi ń ṣàn lọ sí ìdí fèrèsé, bó ṣe máa ń —

Bó ṣe máa ń ṣe. Gbogbo omi tó bá dà sílẹ̀ ní pálọ̀ yìí, igun yẹn ló ń lọ. Ibẹ̀ ni Rachael ti ń nù ún láti ọjọ́ pípẹ́ wá.

Dúró ná. Ẹsẹ̀ kan gùn, síbẹ̀ nígbà tí a gbé pẹpẹ yìí sí igun yìí lánàá, mo tì í, kò mì. Kí ló dé tí kò mì?

Mo kúnlẹ̀. Mo fi téèpù wọn omi láti ìsàlẹ̀ gíláàsì dé ojú rẹ̀. Lápá ilẹ̀kùn. Lápá fèrèsé. Iwájú. Ẹ̀yìn. Bákan náà… bákan náà ni gbogbo rẹ̀!

"Bánjí, igun yìí ti rì o." Ohùn Bíọ́dún nìyẹn, láti ọdún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn, sìmẹ́ńtì dé e ní orúnkún, ọjọ́ tí èmi àtòun da ilẹ̀ pálọ̀ yìí. "Jẹ́ kí n tún un dà." Mo ní kó fi sílẹ̀, ta ló máa mọ̀? Ó fi àtàǹpàkò wọn bó ṣe rì tó, ó nà án sí mi lójú, ó ń rẹ́rìn-ín: "Èmi á mọ̀."

Àtàǹpàkò yẹn nìyí. Èmi tí mò ń gbé inú ilé ti gbàgbé. Òun kàn gbọ́ "igun ẹ̀gbẹ́ fèrèsé", ó sì rántí, nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa yìí. Èyí yà mí lẹ́nu ju òkun lọ. Mo rò pé kò bèèrè nǹkan kan… kí ló tún kù tó fẹ́ bèèrè?

Omi dúró jẹ́ẹ́. Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, níwájú àgbélébùú tó gbẹ́ síbẹ̀, ayùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún mi. Bíọ́dún… ó kù díẹ̀ kí n gé e.